Fóònù Tó Ní Ara Òun Gbóná

Bí wọ́n bá ki ṣájà bọ fóònù náà láàárọ̀, yóò kọ ọ́ sójú pé bátìrì ti gbóná jù, òun ò ní gba iná àfi tó bá tutù. Bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ tutù bí omi àmù. Tó bá di ọ̀sán tí oòrùn mú, yóò gba iná bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe rí. Tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, kò ní gbà á rárá. Màmá tó ni ín ń ta aṣọ ní Gbági Tuntun, n'Íbàdàn. Orí rẹ̀ ni áláàtì báńkì wọn ń wọlé sí, orí rẹ̀ náà ni àwọn oníbàárà ti ń pè wọ́n, wọn ò sì lè máa retí oòrùn kí wọ́n tó tajà.

Ohun tí ojú fóònù náà ti rí kó tó dé ọ̀dọ̀ èmi tí mò ń tún fóònù ṣe ṣe pàtàkì. Ihò ṣájà ló kọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹnì kan pààrọ̀ ihò náà fún wọn, ó sì fọwọ́ kan àwọn kápásítọ̀ àti rẹsísítọ̀ wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń tọ́jú iná tàbí tó ń dín in kù. Ó gba iná, inú màmá dùn, wọ́n sanwó. Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn kọjá tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ara gbígbóná yìí dé. Wọ́n gbé e padà. Onítọ̀hún ní bátìrì ni. Wọ́n ra bátìrì tuntun, ibi tó wà náà ló wà. Ó ní sọ́fítíwíà ni. Ó nu gbogbo ohun tí wọ́n tọ́jú sínú rẹ̀ kúrò, fọ́tò ìkómọ ọmọ-ọmọ màmá sì bá a lọ. Nígbà tó wá ní IC, ìyẹn ṣíìpù kékeré tó ń bójú tó iná, ló kú, kí wọ́n mú owó rẹ̀ wá, ni màmá gba fóònù wọn.

"Ìnjíníà, ọmọ mi," wọ́n ní, "má tíì pààrọ̀ nǹkan kan fún mi o. Ṣáà bá mi wò ó ná."

Ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ yìí lè máa rò pé fóònù ní ọ̀nà àrà kan tó fi ń mọ̀ pé bátìrì gbóná. Kò ní. Wọ́n fi rẹsísítọ̀ kékeré kan sínú bátìrì, irú èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ máa ń já wálẹ̀ bí ooru bá ti ń pọ̀. Ti bátìrì yìí jẹ́ irú 100 kΩ (kílóòmù, tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó), ìyẹn ni pé ní dígírì 25 yóò ka nǹkan bí 100, tó bá fi máa di dígírì 50, yóò ti sún mọ́ ìdá mẹ́ta rẹ̀. Ìlà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń gbé ìwọ̀n yìí láti ẹnu bátìrì lọ sọ́dọ̀ IC, nínú fóònù yìí, ìlà náà gba ẹ̀gbẹ́ ihò ṣájà kọjá. Nọ́ńbà tó bá dé ọ̀dọ̀ IC ló gbàgbọ́. Tí iná bá ń jò láti orí ìlà yẹn lọ sí gíráńdù, ibi tí gbogbo iná ń padà sí, lójú ọ̀nà, nọ́ńbà á wálẹ̀, IC á sì rò pé bátìrì ti fẹ́ jóná.

Mo yọ bátìrì, mo fi mítà sí ẹsẹ̀ rẹ̀: 88 kΩ. Ooru ṣọ́ọ̀bù mi náà nìyẹn, bátìrì kò purọ́. Mo wá fi mítà sí orí pánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, ìyẹn pátákó tí wọ́n to àwọn ẹ̀yà inú fóònù sí, láàárín ìlà yẹn àti gíráńdù, láìsí bátìrì níbẹ̀. Mo ní òkú pánẹ́ẹ̀lì irú fóònù kan náà nínú àpótí, tòun ń ka mẹ́gáóòmù (ẹgbẹ̀rún kΩ ni ẹyọ kan), kò sì mì. Ti màmá ń ka nǹkan bí 60 kΩ, ó sì ń lọ ó ń bọ̀, kò dúró lójú kan. Ẹ so 88 àti 60 mọ́ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ẹgbẹ́, ohun tí IC yóò rí kò ju 36 lọ. Lójú tirẹ̀, bátìrì yìí ti kọjá dígírì 45, ibi tí ọ̀pọ̀ fóònù ti máa ń dín iná kù tàbí kí wọ́n dá a dúró. Iṣẹ́ tí wọ́n rán IC gan-an ló ń jẹ́. Owó IC tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ màmá ì bá ti wọ igbó.

Àyẹ̀wò tó kù kò gba irinṣẹ́ kankan. Mo fi ẹnu mi mí hàà sí ibi ihò ṣájà náà bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ nu gíláàsì ojú. Nọ́ńbà tó wà lójú mítà já wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 20. Mo wá fi blower, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná, fẹ́ ẹ díẹ̀, afẹ́fẹ́ tó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó gòkè kọjá 300. Kápásítọ̀ tó ti kú kì í bìkítà fún èémí. IC tó ti jóná kì í sàn nítorí pé ara rẹ̀ gbẹ. Ohun tó ń mu omi inú afẹ́fẹ́ tó sì ń gbé iná nígbà tó bá tutù ni mo ń wá. Ìyẹn náà ló fà á tí fóònù fi ń sàn lọ́sàn-án tó ń ṣàìsàn láàárọ̀.

Mo ṣí páànù tí wọ́n fi bo ibẹ̀, mo gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù. Ìdọ̀tí ibẹ̀ pọ̀. Ohun kan tó láwọ̀ bí í pupa rúsúrúsú wà káàkiri ẹsẹ̀ àwọn kápásítọ̀, ó rọ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ abẹ́rẹ́, eruku àti òwú aṣọ ti kó sí i. Lẹ́ẹ̀dì tó wà níbẹ̀, ìyẹn irin rírọ̀ tí a ń yọ́ láti fi so nǹkan mọ́ pánẹ́ẹ̀lì, ti ṣú, ojú rẹ̀ rí ṣákiṣàki. Ní etí rẹsísítọ̀ kan, èérún aláwọ̀ ewé tó fẹ́ fara jọ búlúù ti hù jáde, bàbà abẹ́ rẹ̀ sì ti jẹ wọnú.

Ọmọ iṣẹ́ mi wò ó, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé rosin kọ́ nìyẹn? Rosin náà máa ń gba àwọ̀ ewé." Ìbéèrè rẹ̀ dára. Rosin ni oje igi gbígbẹ tí a máa ń fi sí ojú irin kí lẹ́ẹ̀dì lè mú un. Rosin tó bá kan bàbà lè gba àwọ̀ ewé lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ náà á wà nínú ara rẹ̀, á mọ́ kedere, a ó máa rí bàbà lábẹ́ rẹ̀ tí nǹkan kan ò ṣe é. Ìyẹn ò pa pánẹ́ẹ̀lì lára. Èyí tó bá hù bí èérún, tí ojú bàbà sì ti jẹ, iyọ̀ bàbà ni, ohun tó sì bí i ni ásíìdì tí kò dákẹ́.

Kí ló gbé ásíìdì débẹ̀? Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú irin tí a ń jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ ló ní awọ kan lójú tí a kì í sábà rí. Afẹ́fẹ́ ló ń dá awọ yẹn sí i, bí iná bá sì ti kàn án ló ń yára nípọn. Lẹ́ẹ̀dì yíyọ́ kì í lẹ̀ mọ́ awọ náà. Ṣe ló máa ń ká jọ róbótó, táá máa yí kiri. Flux la fi ń jẹ awọ náà kúrò. Òun náà ló ń bo ojú irin kí afẹ́fẹ́ má tún dá òmíràn sí i níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà níbẹ̀, òun ló sì ń jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì tẹ́jú kó ṣàn dé ibi tó yẹ. Kò sí flux tí kò ní nǹkan tó ń jẹ irin nínú. Ìyàtọ̀ wà nínú ìgbà tó ń jẹ ẹ́ àti bóyá ó ń mọ ìgbà tó yẹ kó ṣíwọ́. Nínú rosin, èyí tí wọ́n ń rí láti ara oje igi páìnì, ásíìdì ibẹ̀ kò lágbára, nínú òtútù ó ti dì, kò lè ṣe nǹkan kan. Ìgbà tí iná bá yọ́ ọ ló ń ṣiṣẹ́. Tó bá tún tutù, á le gbagidi, á sì sé ìdọ̀tí tó kó mọ́nú ara rẹ̀.

Péésìtì inú agolo tí àwọn tó ń jó páìpù àti rédíétọ̀ ń lò, ìyẹn ọ̀tọ̀. Zinc chloride àti ammonium chloride ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, wọ́n á pò wọ́n mọ́ gíríìsì. Ó lágbára, ó ń fọ irin tó dọ̀tí gan-an, ìdí nìyẹn táwọn kan fi fẹ́ràn rẹ̀: lẹ́ẹ̀dì á mú lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ á yá, oníbàárà á lọ. Àmọ́ iyọ̀ ló ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀, iyọ̀ a sì máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Fi iyọ̀, omi àti iná bátìrì sójú kan láàárín páàdì méjì (ojú bàbà kékeré tí a ń jó ẹsẹ̀ nǹkan mọ́) tí àlàfo wọn kò tó ìdajì mìlímítà, bàbà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa hù bí irun sí èkejì. Agolo tí wọ́n lò fún fóònù màmá kò sí lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n gíríìsì tó kù síbẹ̀ àti èérún yẹn tó fún mi.

Ibi tí èmi àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi kì í ti í fẹnu kò ni ọ̀rọ̀ flux tó dára. Ara ike flux gidi, ẹ máa rí àmì bíi ROL0. RO ni pé rosin ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, L ni pé agbára rẹ̀ kéré, 0 ni pé wọn kò fi iyọ̀ irú chloride sí i tó ohun tí à ń kà. Wọ́n á tún kọ "no-clean" sí i, àwọn èèyàn á sì túmọ̀ ẹ̀ sí pé kéèyàn má fọ̀ ọ́ láéláé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá ló ń sọ ọ́ fún, níbi tí gbogbo pánẹ́ẹ̀lì ti ń gba inú ààrò kọjá, tí iná sì ń kàn gbogbo flux tó wà lórí rẹ̀ dọ́gba. Àwa tó ń fi blower ṣiṣẹ́, ojúkan la ń jó. Flux tó wà lábẹ́ ẹnu blower ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ó ti le, kò léwu. Èyí tó ti yọ́ sá lọ sábẹ́ páànù, sábẹ́ IC ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ooru ibẹ̀ ò ju kó kàn yọ́ ọ lọ, ásíìdì rẹ̀ ṣì wà láàyè. Èyí tí iná kò kàn dénú yìí ló ń yọ wá lẹ́nu, kódà nínú flux olówó gọbọi. Nítorí náà mo máa ń fọ gbogbo rẹ̀.

Àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí fífọ̀, kí iná kankan tó dé ibẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé blower, ṣe ló ń jí péésìtì náà dìde, á sì tún tì í wọ abẹ́ IC. Contact cleaner, oògùn ìfọ̀ tí a ń fín, ni mo fi kọ́kọ́ tú gíríìsì, mo fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a kúrò. Lẹ́yìn náà ni omi. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu: ọtí ìfọ̀ nìkan kò lè tú irú iyọ̀ yẹn tán, omi ló ń tú u. Omi dístílì tí wọ́n ń ta fún bátìrì mọ́tò ni, kì í ṣe èyí tó ní ásíìdì, kì í sì í ṣe omi ẹ̀rọ. Mo wá da ọtí ìfọ̀ náà, isopropyl 99%, lé e kó lè ti omi jáde, mo sì fi atẹ́gùn tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ gbẹ ẹ́.

Ọ̀nà tí a ń gbà da ọtí yìí náà ní ọgbọ́n nínú. Tí a bá ti fi òwú tó tutù díẹ̀ nu orí pánẹ́ẹ̀lì, tí a jẹ́ kó gbẹ síbẹ̀, a ò tíì fọ nǹkan kan. A kàn pín ìdọ̀tí náà káàkiri ni, funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀ lẹ̀ ń rí yẹn. Ọtí gbọ́dọ̀ pọ̀ tó láti ṣàn kúrò lórí pánẹ́ẹ̀lì, kó sì gbé ìdọ̀tí lọ. Mo máa ń gbé pánẹ́ẹ̀lì dúró ní ìdagẹ̀rẹ̀, mo sì máa ń fi bébà fà á mu ní ìsàlẹ̀. Ti àwọn tó ń fi tínà tàbí bẹntiróòlù fọ pánẹ́ẹ̀lì, mi ò ní sọ púpọ̀: ó ń jẹ ike, ó sì lè jó ṣọ́ọ̀bù.

Lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́, nọ́ńbà gòkè sí nǹkan bí 900 kΩ. Ó ti sàn, kò tíì tó. Abẹ́ rẹsísítọ̀ tó ní èérún yẹn àti kápásítọ̀ tó wà lórí ìlà kan náà ni ìdọ̀tí ṣì há sí. Irú 0402 ni àwọn méjèèjì, mìlímítà kan ní gígùn, ìdajì ní fífẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀.

Lẹ́ẹ̀dì tí fóònù ń bá jáde láti ilé iṣẹ́ kò ní òjé (lead gan-an) nínú. Láti oṣù keje ọdún 2006 tí òfin Yúróòpù ti kọ òjé, tin, fàdákà àti bàbà ni wọ́n sábà ń pò, ooru rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dé nǹkan bí dígírì 217 kó tó yọ́. Èyí tí mo ń lò, tin 63 òjé 37, ń yọ́ ní 183. Mo kán flux sí ẹsẹ̀ àwọn nǹkan kékeré náà, mo fi lẹ́ẹ̀dì tèmi díẹ̀ pò mọ́ tiwọn kó lè rọ̀ kíákíá, mo fi kapton, téèpù tí ooru kì í tètè jó, bo ihò ṣájà kí ike rẹ̀ má yọ́. Mo kọ́kọ́ mú blower jìnnà kí gbogbo agbègbè náà lè gbóná díẹ̀díẹ̀, nítorí pé páàdì kan nínú méjèèjì wà lórí gíráńdù, gíráńdù sì máa ń fa ooru mu. Bí ẹsẹ̀ kan bá yọ́ ṣáájú èkejì, lẹ́ẹ̀dì tó yọ́ yẹn á fà á nàró. Lẹ́yìn náà ni mo sún mọ́ ọn, 340 lójú ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ kékeré. Tí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, ọjọ́ tí a bá gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù la máa rí kápásítọ̀.

Ohun tí mò ń wò kì í ṣe aago. Flux ni. Ó kọ́kọ́ yọ́, ó mọ́ kedere, ó hó díẹ̀, èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ jáde. Ìgbà náà ni lẹ́ẹ̀dì dédé tàn yẹ́ẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá yẹn ni kí twísà, ẹ̀mú kékeré ọwọ́ wa, gbé e. Ẹni tó bá dúró títí flux fi dúdú ti pẹ́ jù, kò sí ààbò kankan mọ́ lórí irin náà, kó ṣíwọ́, kó jẹ́ kó tutù, kó sì fi tuntun sí i. Àìfi flux sí i náà ní àmì tirẹ̀: bí a bá ti gbé áyọ́ọ̀nù tí a fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì kúrò, lẹ́ẹ̀dì á tẹ̀lé e sókè, á yọ ṣóńṣó. Àpọ̀jù ńkọ́? Á hó gùdùgùdù, á sì gbé kápásítọ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Ìwọ̀nba tó lè di nǹkan náà mú lórí páàdì ti tó.

Èéfín yẹn náà, ẹ má fi ṣeré. Èéfín rosin lè fa ikọ́ fée, ìyẹn asthma, fún ẹni tó ń fà á símú lójoojúmọ́. Fáànù kékeré kan tó ń fa afẹ́fẹ́ kúrò níwájú wa kì í ṣe fáàrí. Rosin tún ní ìlò mìíràn tí mo fẹ́ràn: níbi tí kápásítọ̀ kan bá ti ṣẹ́ẹ́tì láàárín ogún, tí iná kàn ń gba inú rẹ̀ lọ tààrà sí gíráńdù, àwọn kan á fi èéfín rosin kun pánẹ́ẹ̀lì di funfun, wọ́n á fún un níná, ibi tó bá kọ́kọ́ yọ́ ni ọ̀daràn wà. Ti màmá kò dé ìyẹn.

Ó ku páàdì. Mo fi flux sí wáyà bàbà híhun, mo fi fa ògbólógbòó lẹ́ẹ̀dì kúrò, mo tún fọ abẹ́ wọn. Páàdì kan ti jẹ, ìlà tó jáde lára rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Mo fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan so ó, mo fi ọ̀dà tí iná UV ń mú le bò ó. Kápásítọ̀ àti rẹsísítọ̀ wá láti ara òkú pánẹ́ẹ̀lì inú àpótí, mo wọn iye wọn kí n tó lò wọ́n. Nígbà tí lẹ́ẹ̀dì yọ́ lábẹ́ wọn, mo fi ẹnu twísà tì wọ́n díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fúnra wọn padà sí àárín páàdì. Bí flux bá ṣiṣẹ́ rẹ̀ lójú irin méjèèjì, lẹ́ẹ̀dì ló máa ń fa nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ sípò. Tí kò bá padà, ojú kan ṣì dọ̀tí nìyẹn.

Mo tún fọ gbogbo rẹ̀, ti flux tèmi náà. Mítà kò ka nǹkan kan mọ́, ó ti kọjá agbára rẹ̀. Mo mí sí i: ó wálẹ̀ díẹ̀ sí mẹ́gáóòmù, kí n tó ṣẹ́jú ó ti padà. Ìyẹn kò tó mi, nítorí òjò Íbàdàn ju èémí mi lọ. Mo gbé pánẹ́ẹ̀lì náà sínú ike olómorí pẹ̀lú aṣọ tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sùn síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, nọ́ńbà kò yẹsẹ̀. Mo tò ó padà, mo ki ṣájà bọ̀ ọ́ láàárọ̀ yẹn gan-an, ó gba iná.

Màmá dé, wọ́n wò ó, wọ́n yọ̀. Nígbà tí mo dárúkọ owó, ojú wọn yí padà.

"O ò ra IC. O ò ra bátìrì. Ṣé owó ìfọ̀ nìyẹn?"

"Owó ìfọ̀ ni, Màmá. Wáyà kan náà sì wà níbẹ̀."

A ná an títí. Wọ́n san díẹ̀ dín sí ohun tí mo pè, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé n kò pààrọ̀ IC, torí ẹni tó fẹ́ gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Mo kọ ọ́. Mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé bàbà ibẹ̀ ti jẹ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, pé n ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí abẹ́ IC tí n kò ṣí, àti pé bí ọ̀rọ̀ ara gbígbóná bá tún yọjú, kí wọ́n gbé e wá kí wọ́n tó gbà kí ẹnikẹ́ni nu ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò.